Bẹ́ńṣì Tí Ẹ Fẹ́ Gbé Lọ sí Hédzranawoé

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ọjà Hédzranawoé ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì mọ̀ pé Pásítọ̀ ní kí ẹ yára, ṣùgbọ́n ẹni tó bí Pásítọ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sọ bẹ́ńṣì náà kalẹ̀, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jókòó lé e lórí. Ó gbà yín. Ó ti gba àwọn tó sanra jù yín lọ rí. Afí, rọra o, ìṣó kan yọrí ní ìpẹ̀kun ọ̀hún, ó ti ya ìró àwọn ìyá yín kí wọ́n tó bí yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dà mí láàmú, kí ẹ má baà sọ pé arúgbó kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dá wa dúró ni. Lọ́la ni wọ́n máa fi Jóṣúà ọmọ mi jẹ olùṣọ́-àgùntàn ìjọ yìí. Ẹ ti rí àga tí wọ́n kàn fún un ní Djidjolé, àga pupa tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga tó orí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní nítorí àga yẹn ni bẹ́ńṣì yìí ṣe gbọ́dọ̀ kúrò, kí gbogbo ìjókòó lè bára mu. Mi ò bá àga jà. Bébà tó wà nínú àpò Jóṣúà ni mò ń bẹ̀rù. Tó bá jókòó sórí àga náà tán, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fẹ́ ṣe ni pé kó ka orúkọ Manú tó ń tẹ dùùrù fún yín, kó ní kí ó kúrò nídìí dùùrù, kí ó má sì jẹ oúnjẹ Olúwa títí yóò fi ronú pìwà dà. Wọ́n ní ó ti tó ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tí kò wá. Wọ́n ní wọ́n rí i lójú ọ̀nà Agoè tó ń fi alùpùpù zémi gbé èrò nígbà tí ìjọ ń kọrin lọ́wọ́. Àná ni Jóṣúà sọ ọ́ fún mi nídìí oúnjẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ dé bá sìmẹ́ńtì àti fáànù, ẹ kò lè mọ ohun tí à ń pè ní ilé ìsìn láyé ìgbà náà. Àgọ́ ni. Àgọ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi páànù díẹ̀ lé níwájú, nínú ọgbà Bàbá Olùdarí tó dá ìjọ yìí sílẹ̀, ní Djidjolé, nígbà tí Djidjolé ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, tí ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ láti àárín ìlú á kọ́kọ́ dágbére fún ará ilé rẹ̀. Ríìmù ọkọ̀ akẹ́rù kan ni a so mọ́ igi dongoyárò, irin la fi ń lù ú. Tó bá dún lẹ́ẹ̀kan, a ti jí. Lẹ́ẹ̀kejì, a ti wẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, bí o bá ṣì wà nílé, kí o ti ní irọ́ tí o máa pa. Àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ti ilé wá, tí wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà, a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ríìmù wa ò jẹ́ kí àwọn sùn, àwa náà á ní ládàánì yín ńkọ́, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí a ti ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́jọ, àwọn aládùúgbò sì ti fi ẹjọ́ wa sùn lẹ́ẹ̀mejì ní méríì, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú. Kò sẹ́ni tó ń bá wa rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá Olùdarí ò ní àga kankan. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń tún ṣe. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí a bá ń gbálẹ̀ àgọ́, òun náà á mú ìgbálẹ̀, lẹ́yìn náà á fi kẹrosíìnì àti yanrìn fọ ọwọ́ títí ọwọ́ á fi fẹ́ bó, ṣùgbọ́n gíríìsì abẹ́ èékánná kì í tán. Èékánná dúdú yẹn ló fi ń bu búrẹ́dì oúnjẹ Olúwa. Ìyá kan lọ bá a lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ẹ má bínú o, ọwọ́ yín yìí ò jẹ́ kó lọ lọ́nà ọ̀fun wa." Bàbá wo ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi bù ú." Ó gbé àwo fún un. Bí obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bu búrẹ́dì nínú ìjọ wa nìyẹn, kì í ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ ló mú un wá.

Pákó àpótí ẹrù tí wọ́n já ní èbúté la fi kan bẹ́ńṣì yìí. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, ẹ ó rí lẹ́tà funfun nísàlẹ̀ rẹ̀ títí dòní. Lọ́dún ìkórè kan, a so àgbò kan tí wọ́n fi ta Olúwa lọ́rẹ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn àgbà mẹ́ta sì jókòó lé e. Bí a ṣe gbé orin, àgbò gbọ́ tambùríìnì, ó fò, ó fa bẹ́ńṣì, àwọn àgbà wó lé orí iṣu àti àgbọn ìkórè. Bàbá Olùdarí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè wàásù lọ́jọ́ náà mọ́. Ẹ ṣáà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà yẹn ni bàbá àgbà rẹ, Afí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbò ni mo fẹ́ sọ. Òfin kan wà nínú ìjọ wa tí mi ò rí níbòmíràn. Ẹni tó bá ṣẹ̀, tí ìjọ bá bá a wí, orí bẹ́ńṣì yìí ló máa jókòó sí lẹ́yìn pátápátá, kò sì ní jẹ oúnjẹ Olúwa títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun, ọ̀pọ̀ ìjọ ló ní irú rẹ̀. Tiwa ni pé ẹni tó bá fi í sùn, tó dárúkọ rẹ̀ níwájú ìjọ, òun náà á lọ jókòó tì í. Bẹ́ńṣì kan náà, iye ọjọ́ kan náà. Òun náà ò ní jẹ, kò ní mu, ìwé orin kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì á sì jọ máa wò. Ẹnìkan bi Bàbá Olùdarí pé kí ni ìtumọ̀ èyí. Ó ní, "Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ṣebí ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra? Bí o bá jìnnà sí i, báwo ni ọwọ́ rẹ á ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?" Nítorí òfin yìí, ẹnu ò yá wa láti dárúkọ ara wa. Ọdún á yípo, ìyá ọlọ́mọ tí ọmọ rẹ̀ ń ké nìkan ni ẹ ó rí lórí bẹ́ńṣì yìí.

Àfìgbà tí mo di akọ̀wé ìjọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí, ohùn mi ń dún, mo gbọ́ Faransé, aṣọ mi sì máa ń funfun ju ti gbogbo wọn lọ. Obìnrin kan tí à ń pè ní Ìyá Rúùtù, tó ń ta abọ́ tánganran, ló máa ń jókòó níwájú mi. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ti bá ọjà lọ sí Kumasi. Bí ọkọ ṣe lọ, òórùn sódàbì, ògógóró ibí yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára obìnrin náà. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo gbójú kúrò. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọkọ jáde, ìgò wọlé.

Mo lọ bá Bàbá Olùdarí níbi tó ti ń lẹ táyà. Ó ní, "Ṣé o ti dé ilé rẹ̀?" Mo ní, "Bàbá, imú mi kì í purọ́." Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú táyà náà. Ó ní, "O mọ̀ pé ìwọ náà á jókòó." Mo ní màá jókòó. Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni ohun tí mo sọ yẹn, ìgbéraga gidi sì ni. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan náà, imú mi nìkan ni ẹlẹ́rìí tí mo pè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi mo dìde, mo dárúkọ rẹ̀. Mo ní ó ń mutí, mo ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́sàn-án ló tọ́ sí i. Ìyá Rúùtù yíjú, ó wò mí. Ó ní, "Yóò, mo gbọ́." Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó rin àárín ìjọ kọjá, ó lọ jókòó síbi tí Afí jókòó sí yẹn. Mo tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi tẹ́lẹ̀ bí ọ̀nà yẹn ṣe gùn tó.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, etí bẹ́ńṣì ni mo jókòó sí, bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Mo di ìwé orin mú láti òkèèrè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, òjò dé. Imọ̀ ọ̀pẹ ń jò sí mi lọ́rùn, mi ò rí ibì kan sún sí bí kò ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A kọrin. Ẹnu rẹ̀ sún mọ́ etí mi tó báyìí, orín àtà nìkan ló ń rùn. Mo kọ́kọ́ rò pé òjò ló dí mi nímú. Nígbà tó na ọwọ́ láti ṣí ojú ewé, sódàbì bù mí sójú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ mọ́, ọwọ́ ló ń rùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, orin náà kú mọ́ mi lẹ́nu.

Mo rọra bi í pé, "Ìyá Rúùtù, kí ló ṣe ọwọ́ yín?" Ó kọ orin náà parí. Ó wá ní, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ mi pé. Ó ku márùn-ún."

Lẹ́yìn ìsìn, mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun mi, kó tó sọ fún mi. Ọkọ rẹ̀ ò lọ sí Kumasi. Ó wà nílé lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹsẹ̀ méjèèjì ti rọ láti ìgbà ọyẹ́. Ọkùnrin tó máa ń ṣáájú wa jó lọ́jọ́ ìkórè kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun ní ìdùbúlẹ̀, ó sì ti mú kí ìyàwó rẹ̀ búra pé kò ní sọ. Egbò igi tí wọ́n rẹ sínú sódàbì ni obìnrin yìí fi ń ra ẹsẹ̀ náà láràárọ̀ kó tó wá sí ìsìn, ọṣẹ kì í mú un kúrò. Mo ní kí ló dé tí kò já mi ní irọ́ níwájú ìjọ. Ó ní, "Bí mo bá já yín ní irọ́, ọkọ mi ni màá fi hàn. Mo bá ní kí wọ́n kúkú fi búrẹ́dì Olúwa dù mí."

Mo sáré lọ bá Bàbá Olùdarí. Ó ń na wáyà kẹ̀kẹ́, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń retí kó bá mi wí. Kò bá mi wí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Wọ́n ní Kumasi, mo gbà. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà á. Ẹni tó bá lọ sí Kumasi, kò sẹ́ni tó máa ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́ wò." Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, kò sọ àṣírí ilé onílé fún ìjọ. Ohun tó sọ ni pé Ìyá Rúùtù ò jẹ̀bi, kó padà síwájú. Ó ní, "Akọ̀wé fi ẹnu ṣẹ̀, èmi fi ẹsẹ̀ ṣẹ̀. Ẹnu tirẹ̀ yá jù, ẹsẹ̀ tèmi falẹ̀ jù." Ó bá rìn wá sẹ́yìn, ó jókòó tì mí, ó sì bá mi jókòó pé márààrún tó kù. Àwọn obìnrin ló bu búrẹ́dì ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Rúùtù sì wà lára wọn. Ọwọ́ tí mo kà sí ọwọ́ ọ̀mùtí, ọwọ́ yẹn ni gbogbo ìjọ ti gba búrẹ́dì. Ó ń gbé àwo kọjá níwájú èmi àti Bàbá, kò sì lè fún wa, nítorí òfin ni òfin. Omi ń bọ́ lójú òun, ó ń bọ́ lójú tèmi.

Ìyá Rúùtù ló lọ bẹ ọkọ rẹ̀ kó jẹ́ ká wọlé. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ọkùnrin náà kọjú sí ògiri. Bàbá Olùdarí ò gbàdúrà, kò ka Bíbélì. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà sórí itan rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí ti pẹ́ tó ti ń wá gíríìsì." Ọkùnrin náà ò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. A wá ń pín iṣẹ́ fífi oògùn ra ẹsẹ̀ náà ṣe, èmi lọ́jọ́ Ajé, Bàbá lọ́jọ́bọ̀, àwọn yòókù láàárín, kí ọwọ́ obìnrin náà lè sinmi. Nígbà tí ìkórè dé, ó gbà kí a gbé òun wá. Orí bẹ́ńṣì yìí la tẹ́ ẹ sí. Àwa mẹ́rin la gbé e, bí ẹ ṣe jẹ́ mẹ́rin tí ẹ fẹ́ gbé e jáde yìí. Ó ń fi ọwọ́ jó lókè. Lẹ́yìn ìkórè yẹn ló kú, gbogbo ìjọ ló sì mọ ilé rẹ̀.

Kò sí òfin yẹn mọ́. Nígbà tí Bàbá Olùdarí kú, tí a kó wá sínú ilé alásìmẹ́ńtì yìí, ìgbìmọ̀ ní kò bá ìgbà mu. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Mo nawọ́. Ẹ máa wò mí, èmi tí mo mọ̀, mo nawọ́, nítorí ojú ń tì mí, mo fẹ́ kí ìtàn yẹn bá òfin náà lọ. Mi ò sì sọ ọ́ fún Jóṣúà rí. Bàbá tó mọ̀ ni akọ̀wé aláṣọ funfun tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ọmọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń gbàwẹ̀, kì í jalè, kì í purọ́. Ohun tó fẹ́ ṣe lọ́la yìí, èmi ló rí i lára rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èmi rí bẹ́ńṣì tó gbà mí, òun sì ti ní kí wọ́n gbé e lọ tà.

Ní ti Manú, èmi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó lè jẹ́ pé owó ló ń lé, tàbí kí ọkàn rẹ̀ ti tutù sí Olúwa. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé nílé tirẹ̀ náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo bi Jóṣúà lánàá pé ta ló ti lọ síbẹ̀. Ó ní, "Papa, a ti fi mẹ́sáàjì ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ó ti kà á, kò fèsì." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìyẹn ti tó. Ẹni tó wẹ ẹsẹ̀ àwọn apẹja kò ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ o, ó tẹrí ba ni. Bí wọ́n bá sì fi gbohùngbohùn mẹ́jọ pe orúkọ ọmọ yẹn lọ́la, tí ìròyìn náà bá dé Agoè, kí la máa fi pe ọ̀rọ̀ náà padà? Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kí lo wí, Afí? O mọ ilé rẹ̀? Lẹ́yìn ọjà Agoè. Kí ló wá dé tí o kò sọ fún Pásítọ̀? Kò bi ọ́. Ẹ gbọ́ o. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ẹ dákẹ́ ná. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fún un kí irun rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ẹ̀yin ni mo wá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ fún wa láyè. Afí, fún mi lọ́wọ́, kí n kúrò lórí àga tí mo jókòó sí yìí, kí n bọ́ sórí bẹ́ńṣì.

Káàbọ̀, Jóṣúà. Má bá wọn wí, èmi ni mo dá wọn dúró. Mo mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ ra bẹ́ńṣì ń retí yín ní Hédzranawoé, jẹ́ kó máa retí. Ọkọ̀ yẹn máa gbé èmi àti ìwọ lọ sí Agoè lọ́sàn-án yìí, Afí mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nípa bàbá rẹ tí mi ò sọ fún ọ rí. Wá jókòó tì mí. Rárá, má jókòó sí etí ibẹ̀ yẹn, èmi náà kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Sún mọ́ mi.